Oògùn Aràn Kì Í Ṣe Oògùn Ẹyin

Àwọn àgbà a máa sọ pé, "Adìẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin." Ọ̀rọ̀ oògùn àti ẹyin ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí adìẹ kò jẹ̀bi. Àwa tí a ni adìẹ ni a jẹ̀bi.

Ìyá kan ní ìhà Akínyẹlé kó ọmọ méjì wá sí dìsípẹ́ńsárì wa. Mo fún wọn ní oògùn aràn, hóró kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù kan, ó gbé èyí àbúrò padà wá. Inú ń run ọmọ náà, aràn sì ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Mo ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ọmọ yìí lo oògùn tí mo fún yín?" Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wá ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Adìẹ mi ni kò yé mọ́. Mo pín hóró kan sí méjì fún àwọn ọmọ, mo lọ èkejì sínú omi adìẹ."

Inú fẹ́ bí mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé owó ẹyin ni ó fi ń ra ìwé fún àwọn ọmọ náà. Mo bi í bí adìẹ náà ti ń ṣe. Ó ní kì í fẹ́ kúrò lórí ìtẹ́, bí ènìyàn bá sì sún mọ́ ọn, yóò wú ìyẹ́, yóò máa ké. Ẹ̀yin ará, adìẹ yìí kò ní aràn kankan tí a rí. Ó fẹ́ sàba ni!

Ìdí pọ̀ tí adìẹ fi ń dáwọ́ ẹyin dúró. Adìẹ ìbílẹ̀ wa a máa yé nǹkan bí ẹyin 10 sí 12, yóò sàba fún ọjọ́ 21, yóò tún tọ́ ọmọ kí ó tó yé òmíràn. Nígbà tí ìyẹ́ rẹ̀ bá ń rẹ̀, kì í yé. Bí eèrí nìkan ni ó ń jẹ, kí ni yóò fi ṣe ẹyin? Bí èèpo ẹyin bá rọ̀, ẹ gún ìkarahun ìgbín fún un. Adìẹ àgíríìkì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́, ojúmọ́ tiwa kò sì ju nǹkan bíi wákàtí 12 lọ; nítorí náà ni àwọn olóko adìẹ ṣe ń tan iná lálẹ́. Àrùn lúkúlúkú náà a máa dá ẹyin dúró. Àjẹsára ni ó ń dènà rẹ̀, kì í ṣe oògùn aràn.

Èmi kò sọ pé aràn kì í ṣe adìẹ. Aràn gbọọrọ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ascaridia galli ń gbé inú ìfun rẹ̀. Ẹyin aràn náà a máa bá ìgbẹ́ adìẹ jáde, adìẹ mìíràn a sì ṣà á jẹ nínú ilẹ̀ ọgbà. Adìẹ tí aràn pọ̀ nínú rẹ̀ a máa rù, ìgbẹ́ rẹ̀ a sì máa ṣàn. Piperazine tí a ń pò mọ́ omi ń lé aràn yìí, ṣùgbọ́n kò kan aràn pẹlẹbẹ tí adìẹ ń kó lára kòkòrò àti èèrà. Dókítà ẹran ni ó lè sọ èyí tí ó wà nínú adìẹ yín, àti ìwọ̀n oògùn tí yóò tó o.

Ohun tí ó kan èmi nọ́ọ̀sì jù nìyí: oògùn tí adìẹ mu lè wọ inú ẹyin, sísè kì í sì í pa gbogbo rẹ̀. Èyí ni a ṣe ń ka ọjọ́ lẹ́yìn oògùn kí a tó jẹ ẹyin tàbí kí a tó tà á. Èyí tí ó tún burú ni kápúsù tetracycline tí àwọn kan ń tú sínú omi adìẹ. Kòkòrò àrùn tí ó bá ti mọ oògùn lára adìẹ kò ní bẹ̀rù rẹ̀ mọ́ lára ènìyàn.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Nọ́ọ̀sì, dókítà ẹran jìnnà, kẹ́místì ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà." Òótọ́ ni. Láti abúlé Ọ̀nà-Àrà tàbí Lágelú dé ìgboro, owó ọkọ̀ lè gba gbogbo èrè ẹyin. Nítorí náà, èrò mi ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ máa rán òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ẹran wá ní ọjọ́ ọjà, kí ó jókòó sí tòsí dìsípẹ́ńsárì, bí àwa náà ti ń ṣe ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ wo adìẹ yín dáadáa kí ẹ tó ra oògùn. Ẹ máa gbá ìgbẹ́ kúrò nínú ilé rẹ̀, kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá di adìẹ tàbí ẹyin mú. Oògùn ọmọ, kí ọmọ lò ó tán.

Ní ti ìyá yẹn, ojú mi ni ọmọ rẹ̀ ṣe lo oògùn mìíràn. Mo ní kí ó gbé ẹyin sábẹ́ adìẹ rẹ̀. Ó pa ọmọ mẹ́jọ. Ìlera loògùn ọrọ̀ o. Ó dìgbà.