Ta Ni Ẹ Ń Tẹ́ Tábìlì Fún?

Bíbélì kíkà: Àìsáyà 65:11-14, 1 Àwọn Ọba 17:8-16

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀ràn mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń gbé nílùú Ìwó kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ òwe yìí fún un. Láti ọdún 2015 títí wọ 2018, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni kò rí owó oṣù wọn gbà pé. Ìdajì ni àwọn kan ń gbà. Ẹnu eléyìí ni a wà tí wọ́n fi yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ọdún 2023. Lítà epo tí a ń rà ní iye tí kò tó 200 náírà fò sókè sí bíi 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà. Ohunkóhun tí mọ́tò ń gbé wọ ọjà Odò-Orí ló bá epo gòkè: gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì, títí dórí iyọ̀.

Bí ayé bá le báyìí, ọmọ ènìyàn a máa wá ọ̀nà àbùjá. Láyé ọjọ́sí, púùlù ni àwọn bàbá kan ń ta. Nígbà tó yá, nọ́ńbà tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ìjẹ̀bú gbòde. Lónìí, ọmọ jókòó sínú yàrá, ó ń fi fóònù ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ìyá rẹ̀ sì rò pé ìwé ló ń kà. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ: àwọn tó ń jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa wà nínú àwọn tó ń ta á. Àwọn kan ń sọ àlá wọn di nọ́ńbà. Àwọn mìíràn ń tọ wòlíì lọ pé kó gbàdúrà kí ó sì fún àwọn ní méjì tó dájú.

Bí ẹ bá bá wọn wí, wọn á ní: “Pásítọ̀, kí ló burú níbẹ̀? 100 náírà péré ni. Bí oríire bá sì dé, ṣebí Ọlọ́run náà ló fúnni?” Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò.

Nínú Àìsáyà orí 65, Olúwa bá àwọn kan wí nítorí pé wọ́n kọ Òun sílẹ̀, wọ́n ń tẹ́ tábìlì fún Gádì, wọ́n sì ń bu wáìnì kún ife fún Ménì. Ta ni ń jẹ́ Gádì? Òrìṣà oríire ni. Ménì ńkọ́? Òrìṣà ìpín ni. Ẹ kíyè sí i pé a kò gbọ́ pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí sọ pé kò sí Ọlọ́run. Wọ́n kàn gbé oúnjẹ síwájú ẹlòmíràn ni, bóyá tọ̀hún á tètè dáhùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tẹ́tẹ́ rí. Owó oúnjẹ ilé ni à ń gbé sórí tábìlì rẹ̀, ìrètí wa ni à ń bù sínú ife rẹ̀. Ẹni tó fi nọ́ńbà sílẹ̀ láàárọ̀, ta ni ọkàn rẹ̀ ń dúró dè títí di ìrọ̀lẹ́? Ibi tí ọkàn bá ti ń retí ìgbàlà, ibẹ̀ ni pẹpẹ rẹ̀ wà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú bírò kí a jọ ṣírò, kí ẹ lè mọ irú òrìṣà tí eléyìí jẹ́. Nọ́ńbà márùn-ún ni wọ́n ń fà jáde nínú 90. Ẹni tó bá mú méjì, tí méjèèjì sì jáde, ìlọ́po 240 ni àwọn tó ń ta á sábà máa ń san. Èyí ni pé 100 náírà yóò di 24,000. Ó dùn létí! Ṣùgbọ́n oríṣi méjì-méjì tó wà nínú 90 jẹ́ 4,005, mẹ́wàá péré nínú wọn ló sì lè jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ọlọ́rọ̀ kan sọ pé òun kò fẹ́ tàsé, tó wá ra gbogbo 4,005 náà ní 100 náírà kọ̀ọ̀kan. Yóò san 400,500 náírà. Yóò jẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọn yóò sì ka 240,000 náírà fún un. Ẹni tó jẹ gbogbo rẹ̀ tán pàdánù 160,500 náírà! Bí ẹni tó ra gbogbo rẹ̀ bá ń sunkún lọ sílé, kí ni kí a sọ nípa ìyá tó fi owó ata ra ẹyọ kan?

Àwọn kan á ní ìdókòwò ni tiwọn, kì í ṣe tẹ́tẹ́. Ẹ rántí MMM. Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, ló dá a sílẹ̀, ó sì ti forí ṣánpọ́n ní ìlú tirẹ̀ lọ́dún 1994 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ṣèlérí èrè 30 nínú 100 lóṣooṣù. Owó àwọn tó wọlé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san fún àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ti CBEX tún dé: orúkọ yàtọ̀, ẹkún kan náà. Ẹni tó jìn sí kòtò yẹ kó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi oríire ṣe olúwa rẹ̀ kì í gbọ́.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé: “Opó Sáréfátì ńkọ́? Ṣebí ìyẹ̀fun tó kù fún un lòun náà fi sílẹ̀?” Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Èkínní, ìlérí Ọlọ́run tí kì í purọ́ ni opó náà gbẹ́kẹ̀ lé. Tẹ́tẹ́ kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Èkejì, ó ṣẹ́ igi, ó po ìyẹ̀fun, ó dín àkàrà; ọwọ́ rẹ̀ ni Ọlọ́run fi bọ́ ọ. Ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tí ebi pa kí òun tó yó. Òun, ọmọ rẹ̀ àti àlejò ni wọ́n jọ jẹ. Nínú tẹ́tẹ́, kí ẹnìkan tó jẹ, ọ̀pọ̀ ilé gbọ́dọ̀ sunkún. Báwo ni a ṣe fẹ́ gbé irú owó bẹ́ẹ̀ wá síwájú Ọlọ́run kí a sì pè é ní ẹ̀rí?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run náà. Bí a bá ń sọ fún àwọn ọmọ ìjọ pé kí wọ́n mú owó ilé wọn wá kí ó lè di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún kí oṣù tó parí, tẹ́tẹ́ la gbé sórí pẹpẹ. Ọrẹ ìdúpẹ́ yàtọ̀ sí owó nọ́ńbà. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, ìjọ àkọ́kọ́ yan ọkùnrin méje kí oúnjẹ lè kárí àwọn opó lójoojúmọ́. Bí opó inú ìjọ wa bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ nítorí pé kò sí gàrí nílé, kí a tó bá a wí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú àpótí ìjọ. Àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ nílùú yìí, mọ̀ pé Àlùkùránì ka tẹ́tẹ́ léèwọ̀. Ìtìjú ni bí wọ́n bá bá Kristẹni nídìí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ìwó, ìlú odídẹrẹ́ ni tiwa, wọ́n sì ní odídẹrẹ́ Ìwó kì í kú sóko ìwájẹ. Ẹ gbọ́ òwe náà yé: oko ìwájẹ ni wọ́n wí. Ẹyẹ náà fò jáde, ó wá a kó tó rí i. Nígbà tí Jésù Olúwa wa ní kí a wo àwọn ẹyẹ ojú ọ̀run nínú Mátíù orí 6, Ó ní Baba ń bọ́ wọn, kò sọ pé inú ìtẹ́ ni oúnjẹ ń bá wọn.

Ẹ tún wo Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi tó dé Àgbádárìgì lọ́dún 1850. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ gbéra kú sọ́nà ní Làìbéríà. Ogun kò jẹ́ kó dé ibi tó ń lọ. Ìjàyè tó kọ́lé sí, ogun tú u lọ́dún 1862. Bó bá jẹ́ oríire la fi ń wọn ayé, a ó ní Bowen kò lórí ire. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2002, Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn nílùú Ìwó wa níbí, lórí ilẹ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Onítẹ̀bọmi àtijọ́. Ẹni tó ń dúró de oríire kì í gbin ohun tí òun kò ní jẹ. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run a máa gbìn ín.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá ń ta á, ẹ sọ fún ọkọ tàbí aya yín, ẹ má fi bò mọ́. Owó tí ẹ̀ bá fi ta á, ẹ máa dá a sínú àjọ tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Bó ti wù kó kéré, kò ní sọnù. Bí Ọlọ́run bá sì fún yín ní ìkòkò gàrí kan, ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ilé kejì, nítorí ọ̀pọ̀ àdúrà tí àwọn ènìyàn ń gbà ní Ìwó lónìí, ọwọ́ yín ni Ọlọ́run fẹ́ fi dáhùn rẹ̀.

Àdúrà: Baba wa ọ̀run, a ti tẹ́ tábìlì fún ohun tí kò lè gbà wá. Dárí jì wá. Bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, má ṣe jẹ́ kí ìyẹ̀fun inú ìkòkò wa tán, má sì jẹ́ kí a jẹ ẹ́ láwa nìkan. Lórúkọ Jésù. Àmín.