Ẹ bọ́ bàtà fóòmù yẹn kẹ́ ẹ tó gbé irin 🧵

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tá a jọ ń ṣe fídíò jà díẹ̀ lónìí, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ "bàtà jíìmù" tẹ́ ẹ ń polówó rẹ̀ ni. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ dé Èmùré, àwọn ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé irin ń fi owó tí wọn ò ní ra bàtà tí kò yẹ irin, torí pé ẹnì kan jó lórí fóònù wọn, ó sì ní bàtà náà rọ̀ bíi tìmùtìmù.

Rírọ̀ yẹn gan-an ni wàhálà.

Bàtà ìsáré ni wọ́n ṣe fóòmù sí lábẹ́. Ẹni tó ń sáré ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ láìmọye ìgbà, fóòmù á sì bá a gbà lára lílù yẹn. Ẹni tó gbé irin ò sáré lọ síbì kankan. Ó dúró sójú kan, ẹrù wà léjìká rẹ̀, ohun tó nílò ni ilẹ̀ tí kì í mì. Tẹ́ ẹ bá gbé 60 kg sórí fóòmù, fóòmù á fún pọ̀, kò sì ní fún pọ̀ dọ́gba. Ibi tí ara bá tẹ̀ sí ló máa wọlẹ̀ jù. Ọrùn ẹsẹ̀ á yẹ̀ sínú, orúnkún á tẹ̀lé e, ẹ̀yìn á wá máa wá bó ṣe máa tún un ṣe. Tí kò bá yé yín, ẹ gbé garawa omi lérí, kẹ́ ẹ lóṣòó lórí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ padà wá bá mi sọ̀rọ̀.

Wọ́n á ní, "Lágbájá ti ń fi bàtà ìsáré gbé irin láti ọdún mẹ́ta, kò sóhun tó ṣe é." Ó dáa. Àwọn èèyàn náà ń gun ọ̀kadà láì dé akoto lọ́nà Adó sí Àkúrẹ́ lójoojúmọ́.

Kí wá ni bàtà irin gan-an? Sóòlù rẹ̀ le koko bí igi. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ga ju iwájú lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ sí méjì. Ó tún máa ń ní ìgbátí kan tàbí méjì lórí okùn, tó ń di àárín ẹsẹ̀ mú. Ìyẹn náà ni, kò sí iṣẹ́ ìyanu kankan níbẹ̀. Gìgísẹ̀ tó ga yẹn ń jẹ́ kí orúnkún lè lọ síwájú láì jẹ́ pé gìgísẹ̀ gbéra nílẹ̀, kéèyàn lè lóṣòó wọlẹ̀ dáadáa kí àyà rẹ̀ sì dúró ṣánṣán. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe snatch àti clean and jerk ṣe ń wọ̀ ọ́. Nínú snatch, irin ti wà lókè orí, ẹni tó gbé e ti lóṣòó sábẹ́ rẹ̀. Tí àyà bá fi lè tẹ̀ síwájú díẹ̀ pẹ́rẹ́ báyìí, irin ti já nìyẹn.

Àwọn kan tún wà tó máa ń sọ fún wa nínú ìsọ̀ pé obìnrin ò nílò irú ẹ̀, pé irin tiwa fúyẹ́, ká ṣáà mú èyí tó ní àwọ̀ tó wù wá. Haba! Ní Birmingham lọ́dún 2022, níbi ìdíje Commonwealth, Adijat Ọlárìnóyè gba wúrà ní ìpele 55 kg. Àpapọ̀ ohun tó gbé jẹ́ 203 kg. Rafiatu Fọláṣadé Lawal gba wúrà ti 59 kg pẹ̀lú 206 kg. Ruth Ogbeifo ti gba fàdákà ní Sydney lọ́dún 2000, ìyẹn Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí wọ́n ti jẹ́ kí obìnrin gbé irin rárá. Èwo ló fúyẹ́ níbẹ̀?

Olùtajà kan tí mi ò ní dárúkọ kọ sí mi pé òun á sanwó kí n polówó bàtà òun. Mo bi í pé báwo ni gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣe le tó. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà sọ pé ó dáa, àwọ̀ mẹ́rin ló ní." Mi ò gbà á. Ẹ̀yin lẹ gbà á. Mo rí fídíò yín, ẹ múra dáadáa, inú mi ò sì dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró o. Àwọn tó wà lódì kejì náà ò sàn: àwọn ẹ̀gbọ́n jíìmù tó ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pé tí kì í bá ti ṣe Nike Romaleos tàbí Adidas Adipower, kó má wulẹ̀ gbé irin. Bàtà yẹn ń lọ ní nǹkan bíi $200 lókè òkun. Ẹ fi ₦1,500 ṣírò dọ́là kan, ó di ₦300,000 kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú rárá. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti 2024 jẹ́ ₦70,000. Oṣù mẹ́rin gbáko, láìjẹ láìmu, kò sì tíì pé! Ta ló fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ BOUESTI tó ń gbé 40 kg ṣe ìyẹn? Nígbà tí kò bá sì rówó rà á, ayédèrú ló máa bá pàdé: orúkọ ńlá lára bàtà, fóòmù ní gìgísẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ wo ọrùn ẹsẹ̀ yín. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ kọjú sí ògiri, ẹ jẹ́ kí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ẹ wá tẹ orúnkún síwájú. Tó bá kan ògiri tí gìgísẹ̀ ò sì gbéra, ọrùn ẹsẹ̀ yín rọ̀ tó, bàtà pẹlẹbẹ tó le ti tó yín láti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ló ti ń lóṣòó fọ abọ́, lóṣòó fọṣọ, lóṣòó fẹ́ iná láti kékeré, kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu tí ẹsẹ̀ wa bá mọ̀ ọ́n ṣe. Tí kò bá kan ògiri, nígbà náà ni gìgísẹ̀ gíga máa wúlò fún yín jù.

Bàtà pẹlẹbẹ tó le wo? Tẹ́ ẹ bá ti sìnrú ìlú, ó ṣeé ṣe kó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Àgọ́ àgùnbánirọ̀ Èkìtì wà lọ́dọ̀ wa níbí, ní ìhà Ìsẹ̀ àti Èmùré, ẹ̀ ń rí kánfáàsì funfun yẹn lójoojúmọ́. Rọ́bà pẹlẹbẹ ni sóòlù rẹ̀. Tó bá bá ẹsẹ̀ yín mu, ẹ yọ ìtẹ́nú rẹ̀ tó bá nípọn, kẹ́ ẹ so ó le. Fún deadlift gan-an, ó sàn ju bàtà ₦300,000 lọ, torí gìgísẹ̀ gíga ń gbé yín kúrò nílẹ̀, ó sì ń tì yín síwájú, ọ̀nà tí irin máa rìn á tún gùn sí i. Sìlípáàsì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ ń yọ̀ nínú rẹ̀.

Ibi tí àwọn olùpolówó kì í dé rárá ni wíwọ̀n. Nọ́ńbà 39 ti ilé-iṣẹ́ kan kì í ṣe 39 ti òmíràn, ẹ má ra bàtà nítorí nọ́ńbà. Ẹ dúró lórí bébà nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ kan, kí ẹlòmíràn fi bíírò yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká. Ẹ fi rúlà wọn èyí tó gùn jù ní sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ wọn ibi tó fẹ̀ jù náà. Èyí lẹ máa fi bá olùtajà sọ̀rọ̀. Nínú bàtà ìsáré, a máa ń fi àyè tó ìbú àtàǹpàkò sílẹ̀ níwájú. Nínú bàtà irin, ìdajì ìyẹn ti tó, ṣùgbọ́n ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù ò gbọdọ̀ ká kò. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi gbé irin lọ síbẹ̀. Ẹ so ó tán, ẹ lóṣòó nínú ìsọ̀. Ẹ má tijú ẹnikẹ́ni. Tí gìgísẹ̀ yín bá ń yọ nínú bàtà, ẹ bọ́ ọ fún un, bó ti wù kó ṣe olówó pọ́ọ́kú tó.

Òkìríkà náà dáa, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ gìgísẹ̀ látẹ̀gbẹ́. Tó bá wọlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí nǹkan tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ wò ó látẹ̀yìn. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín lè ti fi ìrìn tirẹ̀ jẹ sóòlù sápá kan, ẹ ò sì fẹ́ jogún ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá sì nílò gìgísẹ̀ gíga, ṣé ṣúmékà ò sí nílùú ni? Igi ni wọ́n fi ń ṣe gìgísẹ̀ ọ̀pọ̀ bàtà irin àtijọ́. Igi! Ní ilẹ̀ wa níbí! Ìsẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ sí ààfin Ọgọ̀gà ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n gbé e lọ sí àfihàn Wembley ní London lọ́dún 1924, kò sì padà wálé mọ́. British Museum ló wà dòní, àga oyè tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ fún ọba. Irú ilẹ̀ yìí ló wá ń retí kí bàtà oní-sẹ̀ǹtímítà méjì ti òkè òkun wá.

Ẹ mú bàtà aláwọ tó di ẹsẹ̀ mú dáadáa, tí sóòlù rẹ̀ pẹlẹbẹ, lọ bá ṣúmékà. Ẹ ní kó gé igi líle tó ga ní sẹ̀ǹtímítà méjì lábẹ́ gìgísẹ̀, kó máa dínkù bọ̀ títí yóò fi parẹ́ lẹ́yìn ìka ẹsẹ̀. Kí ìbú rẹ̀ bá ti bàtà dọ́gba, kó lẹ̀ ẹ́, kó kàn án, kó wá fi rọ́bà tín-ín-rín bò ó nísàlẹ̀ kó má baà yọ̀. Ẹ wọn ọ̀tún àti òsì kẹ́ ẹ tó sanwó, torí tí ọ̀kan bá fi ga ju èkejì lọ, ìbàdí yín ló máa san án. Inú bàtà kọ́ ni kó ki igi sí o, gìgísẹ̀ yín á máa yọ jáde. Irin fífúyẹ́ ni kẹ́ ẹ fi dán an wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun wo tirẹ̀, kó fi fọ́tò gìgísẹ̀ látẹ̀gbẹ́ àti látẹ̀yìn ránṣẹ́ sísàlẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìwọ̀n ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Mi ò nílò orúkọ bàtà.