Fídíò Tí A Ṣe Parí Kì Í Ṣe Fídíò Tí A Tọ́jú

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ẹbọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìtumọ̀ Odù. Ó jẹ mọ́ àwọn fídíò tí à ń ká sílẹ̀ níbi ọdún ìbílẹ̀, ìwúyè, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lónìí, láti Òkìtìpupa dé Òde-Ìrèlè, ṣàṣà ni ayẹyẹ tí a kò ní bá ẹni tí ó gbé kámẹ́rà tàbí fóònù sókè. A ó yà á, a ó gé e, a ó tò ó, a ó pín in fún ẹbí, a ó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Èrò tèmi ni pé ìdajì iṣẹ́ péré ni a ṣe yẹn.

Ohun tí ó wà nínú àwọn fídíò wọ̀nyí ju ijó àti aṣọ ẹbí lọ. Ẹ̀ka-èdè wa wà níbẹ̀. Ní Ìkálẹ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ lè fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀, ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà láàyè. A ní ìró gh pẹ̀lú, èyí tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí wọ́n dàgbà sí Èkó kò lè pè mọ́. Orin Obìtun, tí a fi ń mú ọmọbìnrin kúrò ní ipò ọmọdé, ẹnu àwọn ìyá àgbà ni ó wà ju inú ìwé lọ. Bí babaláwo àgbà kan bá papòdà, ó lè jẹ́ pé fídíò ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, níbi tí ó ti sun ìyẹ̀rẹ̀, ni ibi kan ṣoṣo tí a tún ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èyí tí a ká ṣáájú. Kásẹ́ẹ̀tì VHS ni a fi ká ayẹyẹ àwọn òbí wa. Iléeṣẹ́ JVC ní Japan ni ó gbé e jáde ní 1976. Ní oṣù Keje 2016, iléeṣẹ́ Funai, tí ó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó, dá iṣẹ́ náà dúró. Ní 2019, àjọ UNESCO àti ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olùtọ́jú ohùn àti àwòrán, IASA, ké gbàjarè nípa gbogbo irú téèpù bẹ́ẹ̀. 2025 ni àwọn onímọ̀ fi ṣe gbèdéke. Gbèdéke náà ti dé. Ní ilẹ̀ olójò bí tiwa, téèpù tí ó wà lábẹ́ ibùsùn ti lè bu. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní in nílé, ẹ wá ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ó gbé e sórí kọ̀ǹpútà kí ọdún yìí tó parí.

Kí ẹni tí ó ní DVD má rò pé òun ti bọ́. DVD tí a fi kọ̀ǹpútà kọ nílé ní aró kan nínú tí oòrùn àti ooru máa ń pa. Fláàṣì àti mẹ́mọ́rì káàdì ń fi agbára iná bíńtín pa ìsọfúnni mọ́, agbára náà a sì máa jò lọ bí a bá pa wọ́n tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Háàdì díìsìkì ní ẹ̀yà tí ń yí, ohun tí ó bá sì ń yí lè dúró lọ́jọ́ kan, pàápàá níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń já lójijì. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó jẹ́ òkúta.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó yẹ kí ó dẹ́rù bà wá. Ní 1976, Adamu Halilu fi èdè Haúsá ṣe fíìmù Shaihu Umar, láti inú ìtàn tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn gbà pé fíìmù náà ti sọnù. Nínú ilé ìkópamọ́ iléeṣẹ́ fíìmù ìjọba àpapọ̀ ní Jos ni wọ́n ti padà rí i. Wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Fíìmù ayé ìgbà náà lè fara da ìgbàgbé fún ogójì ọdún, nítorí pé ẹni tí ó bá gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀ yóò rí àwòrán inú rẹ̀. Fáìlì tí ó wà nínú háàdì díìsìkì tí ó ti kú kò ní irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí a bá gbàgbé rẹ̀, ó di òfo.

Báwo wá ni Ifá, tí kò ní téèpù, ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, tí UNESCO fi kéde rẹ̀ ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún ìran ènìyàn? Orí kan kọ́ ni àwọn baba wa kó o sí. Odù mẹ́rìndínlọ́gọ́rin lé ní ọgọ́sàn-án wà lórí awo Ìkálẹ̀, wọ́n wà lórí awo Ìlàjẹ, wọ́n wà lórí awo Ọ̀yọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí awo bá sì péjọ, tí ẹnì kan bá ń kì í, tí ó fo ìlà kan, àwọn tí ó kù yóò tún un ṣe. Àtúnsọ àti àyẹ̀wò ni ó gbé e dé òní. Ìlànà kan náà ni mo fẹ́ kí a fi tọ́jú fídíò wa.

Èkíní, kí a ṣe fídíò náà jáde tán. Iṣẹ́ tí ẹni tí ń tò ó ṣí sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í ṣe fídíò. Atọ́ka lásán ni, tí ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tí àwọn ègé àwòrán wà. Bí a bá ṣí àwọn ègé náà nípò, kò sí ohun tí a ó rí wò. Kí a gba odindi fídíò ní MP4 tí ó hàn kedere jù lọ, kí a sì gba àwọn ègé tí a kò tíì gé pẹ̀lú, nítorí ohun tí oní-fídíò gé dànù lè jẹ́ oríkì tí ọmọ wa yóò wá lọ́la.

Èkejì, kí ẹ̀dà mẹ́ta wà, lórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ìlú mìíràn. Bí iná bá jó ilé ní Òkìtìpupa, èyí tí ó wà lọ́dọ̀ ọmọ wa ní Ìbàdàn yóò ṣẹ́kù.

Ẹ̀kẹta, kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí òní ti rí, ọ̀la kò rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Lọ́dọọdún, bí ọdún Ifá bá dé, kí a ṣí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan wò. Bí ó bá pé ọdún márùn-ún, kí a dà á sórí ohun èlò tuntun.

Ẹ̀kẹrin, kí a kọ ọ̀rọ̀ tì í: ọjọ́, ìlú, orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tí ń kì àti ẹni tí ń lù. Fídíò tí kò sí ẹni tí ó mọ àwọn inú rẹ̀ mọ́ dà bí òkú tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àwọn ti gbé tiwọn sórí YouTube tàbí WhatsApp. Ibi ìpàtẹ ni ìwọ̀nyí, wọn kì í ṣe àká. Wọ́n máa ń fún fídíò pọ̀ kí ó lè kéré, WhatsApp ní pàtàkì, àwòrán yóò sì pàdánù nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ni ilé lè ti ilẹ̀kùn nígbàkigbà. Ó tún ku ọ̀rọ̀ awo: ohun tí ojú ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí kò gbọdọ̀ dé orí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Kí àwọn àgbà agbo sọ èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé àti èyí tí ó jẹ́ ti awo nìkan, kí a tó pín ohunkóhun.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn baba wa kò ní kámẹ́rà, ohunkóhun kò sì sọnù. Ó sọnù o. Gbogbo ẹsẹ tí awo kan kò rí ọmọ kọ́ kó tó relé ti bá a lọ. Fídíò kò lè rọ́pò ẹ̀kọ́ lẹ́sẹ̀ olúwo, ṣùgbọ́n ó lè dúró de ọmọ tí yóò padà wá béèrè.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí agboolé kọ̀ọ̀kan yan ọmọ kan ṣe olùtọ́jú fídíò, bí a ti ń yan akápò. Owó háàdì díìsìkì méjì kò tó owó àgọ́ tí à ń gbà fún ọjọ́ ìsìnkú kan. Yunifásítì sì wà ní Òkìtìpupa. Bí àwọn agboolé bá pa ohùn pọ̀, a lè bẹ ilé ìkàwé rẹ̀ kí ó gba ẹ̀dà èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé. Igi kan kì í dágbó ṣe.

Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ̀ẹ́ kí ohùn àwọn baba wa parẹ́ mọ́ wa létí. Àṣẹ.