Igi mọ́pù kọ́kọ́ ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé irin n'Ílọrin, kí ló ń lé yín? Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lánàá ti fẹ́ gbé 60 kg. Lójú tèmi, igi mọ́pù ló yẹ kéèyàn fi kọ́ snatch, ìyẹn gbígbé irin láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pá lásán gan-an, 20 kg ni tọkùnrin, 15 kg ni tobìnrin.

Ẹ̀yìn yín ni mò ń rò. Bí ọ̀pá bá fi 30 cm jìnnà sí ìbàdí, ìnira tó ń kó bá ẹ̀yìn jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ìgbà tó wà ní 10 cm. Ọ̀pá kan náà o!

Torí náà, ẹ na ọwọ́ gbòòrò di igi mú níwájú itan. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ ti ilẹ̀ kí ìbàdí nà, ẹ sún èjìká sókè, lẹ́yìn náà kí ìgbọ̀nwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Kí igi máa gba ara aṣọ lọ sókè bí ẹni ń fa síìpù, títí tí yóò fi dé òkè orí.

Adijat Olarinoye gbé 92 kg báyìí ní Birmingham lọ́dún 2022, ní ẹ̀ka 55 kg, ó sì gba wúrà. Ṣé apá nìkan ló ṣe ìyẹn?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ojú ń ti òun láti gbé igi mọ́pù láàárín èrò. Kó ṣe é ní yàrá ẹ̀ jàre.