Ẹ̀kọ́ Ìgbà Ìsinmi Gígùn àti Àwọn Ọmọ Ìkátè Elégùṣì

Kò sí òbí kan ní Èkó yìí tí kò mọ̀ pé bí oṣù Keje bá ti ń lọ sí òpin, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bá sì ti gba ìsinmi títí di oṣù Kẹsàn-án, ni ariwo lẹ́sìn máa ń gba ìgboro kan. Bí ènìyàn bá gba títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kọjá, yóò rí àkọlé lára ògiri àti lára òpó iná, tí ń pe àwọn ọmọ SS2 àti SS3 kí wọ́n wá múra sílẹ̀ fún ìdánwò yunifásítì. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú wa, a sì rí i pé àkókò tó láti bá àwọn ará Ìkátè Elégùṣì sọ ọ́ láìfi ohunkóhun bò, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ wọn ni.

Ìdánwò tí a ń wí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. JAMB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1978, ni ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni a ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ọmọ yóò dáhùn lé lórí, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí 2 péré ni a sì fún un. Ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí títí di òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ìgbà wo ni yóò ronú ìdáhùn, ìgbà wo ni yóò sì kọ́ bí a ti ń yan ìdáhùn lórí ẹ̀rọ náà?

Ní ọdún 2025, nínú èsì 1,955,069 tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde, ó ju mílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ tí kò gba 200 nínú 400. Ariwo ta. Àwọn àgbàlagbà kan ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò kàwé mọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí JAMB fúnra rẹ̀ fi jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà nínú ètò ẹ̀rọ. Ní ibùdó ìdánwò 65 ní Èkó, ọmọ 206,610 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Bí a bá sì ka àwọn tí ó wà ní ìhà Gúúsù Ìlà-Oòrùn mọ́ wọn, gbogbo wọn jẹ́ 379,997. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, sunkún ní gbangba, a sì tún ìdánwò náà ṣe fún wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa yára dá ọmọ lẹ́bi. Síbẹ̀, bí a bá yọ gbogbo àwọn tí àṣìṣe náà kàn kúrò, àwọn tí kò gba 200 ṣì ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ̀rọ kọ́ ni ó fa èyí. Àìmúra-sílẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Ìkátè. Ìlú apẹja ni láti ayébáyé, láàárín ọ̀sà àti òkun, oyè Elégùṣì sì wà lára àwọn oyè Ìdẹ́jọ tí ilẹ̀ Èkó kò gbàgbé. Lónìí, ilé alájà púpọ̀ àti ẹ́sítéètì olódi ti yí i ká. Nítòsí rẹ̀ ni Ìlasàn wà, níbi tí a kó díẹ̀ nínú àwọn ará Màrókó sí nígbà tí ìjọba ológun wó ìlú wọn ní oṣù Keje ọdún 1990. Báyìí ni ó fi jẹ́ pé ọmọ olówó àti ọmọ tálákà ń gbé láàárín ìdajì máìlì sí ara wọn. Bí ìsinmi gígùn bá dé, ọmọ kan yóò wọ inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, tí olùkọ́ yóò máa múra rẹ̀ sílẹ̀ fún SAT, kí ó lè lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Ọmọ kejì, tí bàbá rẹ̀ ń ṣọ́ ẹnu géètì ẹ́sítéètì kan náà, yóò ru omi inú ọ̀rá lọ sí ojú títì láti tà á fún àwọn onímọ́tò nínú gosúlóò. Oṣù Kẹsàn-án yóò dé bá àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò ní bá wọn níbì kan náà.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìka kò dọ́gba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. A kò bínú sí ẹni tí ó náwó lórí ọmọ tirẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí òbí ṣe ni ó ṣe. Ohun tí a ń wí ni pé ìlú tí ó ní gbọ̀ngàn, tí ó ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, tí ó sì ní àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń gbé inú rẹ̀, kò yẹ kí ó jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje ṣègbé lórí àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọdọọdún.

Ohun kan tún ń bà wá nínú jẹ́. Àwọn kan wà tí wọ́n fi lẹ́sìn bojú, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ìdáhùn ìdánwò ni wọ́n ń ṣèlérí. Wọn yóò sọ fún òbí pé àwọn mọ ibi ìdánwò kan tí iṣẹ́ ìyanu ti ń ṣẹlẹ̀. Òbí yóò yá owó láti san án. Ẹ̀yin ará wa, òfin lòdì sí èyí láti ọdún 1999, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ti òfin sílẹ̀ ná. Ọmọ tí a ra máàkì fún yóò dé yunifásítì, kò sì sí ẹni tí yóò bá a ra òye. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kíkàwé ní ọ̀nà tí ó le kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944 láìjókòó ní ọgbà yunifásítì náà. Nílé níbí ni ó ti ka ìwé rẹ̀. Ní òkè òkun pẹ̀lú, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1965 tí a ń pè ní Upward Bound, láti máa kó àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì tí ilé wọn kò lówó lọ sí ọgbà yunifásítì ní ìgbà ìsinmi, kí wọ́n kàwé níbẹ̀, kí ojú wọn sì là. Bí ìlú tí ó lówó tó bẹ́ẹ̀ bá mọ̀ pé ìgbà ìsinmi ni ọmọ tálákà máa ń rẹ̀yìn, kí ni ó ń dí àwa lọ́wọ́?

Àwọn kan yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sinmi." A gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a lé kiri láti ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ sí lẹ́sìn, láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò ní ranti ohun tí ó kọ́. Àwọn mìíràn yóò ní kí ìjọba tún ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ṣe ná. A gba èyí pẹ̀lú, a kò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà ní SS2 lọ́dún yìí kò lè dúró de àtúnṣe ọdún mẹ́wàá.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí a ya ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sọ́tọ̀ nínú ìsinmi náà fún àwọn ọmọ tí yóò wọ SS3, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́ta ní òwúrọ̀, kí ọ̀sán wọn sì jẹ́ ti ìsinmi tàbí ti iṣẹ́ ọwọ́. Wákàtí 48 ni gbogbo rẹ̀. Kí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ṣáájú. Kò di dandan kí a ní ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà. Mẹ́wàá tó fún ogójì ọmọ, bí wọ́n bá ń gba á ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọ́fíìsì tí ó fẹ́ ra tuntun lè fi ògbólógbòó rẹ̀ ta ìlú lọ́rẹ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti yege, tí wọ́n wà ní yunifásítì tàbí tí wọ́n ń dúró de ìwé ìgbaniwọlé, ni kí ó ran olùkọ́ lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni kí ó jẹ́, ṣùgbọ́n kí a máa pe orúkọ lójoojúmọ́, kí ọmọ má bàa sọ ọ́ di eré.

A bẹ Kábíyèsí Elégùṣì àti àwọn ìjòyè rẹ̀, a bẹ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹ̀tì-Ọ̀sà, a sì bẹ àwọn ẹgbẹ́ onílé inú ẹ́sítéètì gbogbo, kí wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí kí oṣù Keje tó dé, kí ó má jẹ́ ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ń wọlé ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń rán ọmọ ní ọjà, a mọ̀ pé ebi kì í gbọ́ ìwàásù. Wákàtí mẹ́ta òwúrọ̀ nìkan ni a ń bẹ̀ yín fún. Ẹ jẹ́ kí ọjà dúró títí di ọ̀sán.

Ìkátè ti rí i bí ilẹ̀ ti ń lówó lórí, ó sì ti rí i bí ilé ti ń ga sókè lójoojúmọ́. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ àwọn baba wa pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwa ti sọ tiwa. Ó kù sí ọwọ́ yín.