Kí Ni Overclock Fẹ́ Ṣe fún Wa Nínú Ooru Mushin?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ran ìṣirò kan náà lẹ́ẹ̀mejì lórí kọ̀ǹpútà mi ní Mushin, èsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì ló jáde. Kóòdù kan náà, dátà kan náà o. Kọ̀ǹpútà náà ò hang, kò kú. Ó kàn jókòó jẹ́jẹ́, ó ń parọ́ fún mi. Oṣù kan sẹ́yìn ni ọ̀rẹ́ mi kan ní Surulere bá mi overclock processor rẹ̀. Mo dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo tún ran ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, èsì méjèèjì bára mu.

Ẹni tó ń ṣeré géèmù lè má mọ̀ láé. Èmi tó ń kọ thesis ńkọ́?

Overclock ni kéèyàn fipá mú processor sáré ju iye tí àwọn tó ṣe é dá fún un. Kó má bàa dákú, a máa ń fi voltage kún un. Ibẹ̀ ni gbèsè ti ń bẹ̀rẹ̀, torí iná tó ń jẹ ń tẹ̀lé eré rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń tẹ̀lé voltage lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi ìdá 10 nínú 100 kún méjèèjì: 1.1 × 1.1 × 1.1, ó di 1.33. Eré ìdá 10 lẹ rà, iná ìdá 33 lẹ san. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Band A, tí yúnìtì iná yín kúrò ní náírà 68 bọ́ sí 225 ní April 2024, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ má jẹ́ n dárúkọ epo jẹnẹrétọ̀.

Gbogbo iná yẹn ló ń di ooru. Fáànù inú kọ̀ǹpútà ò sì lè mú processor tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Bí tiyín bá fi 60 degree gbóná ju yàrá lọ, ní yàrá 20 degree ní London, 80 ni. Ní yàrá mi tó jẹ́ 33, ó di 93. Ọ̀pọ̀ processor ló ń dín eré ara wọn kù tó bá ti ń sún mọ́ 95 tàbí 100. Kí la wá jèrè?

Lóòótọ́, ó dùn nígbà kan. Celeron 300A ti ọdún 1998, láti 300 MHz làwọn èèyàn ti ń gbé e dé 450. Lónìí, Ryzen 5 5600 ń gbéra fúnra rẹ̀ láti 3.5 GHz dé 4.4. Èérún ló kù fún wa.

Ọ̀rọ̀ motherboard wá ńkọ́? Tí ẹ bá ta kú pé ẹ máa ṣe é, Intel tó ní K lẹ́yìn nọ́ńbà ń fẹ́ board Z. B760 àti H610 ò ní gbà fún yín. Ní ti AMD, B450 àti B550 gbà, A320 àti A520 kọ̀. Ṣùgbọ́n èmi, VRM ni mo máa ń wò kọ́kọ́, ìyẹn apá tó ń sọ volt 12 di nǹkan bíi 1.2. Fún watt 100, ampere tó lé ní 80 ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wò ó bóyá irin tó nípọn bò ó. Ní Computer Village, wọ́n á ní, "Ọ̀gá mi, ẹ wo bí iná rẹ̀ ṣe ń tàn!" Ẹ fi iná yẹn sílẹ̀ jàre.

Èmi ti tan Eco Mode báyìí. Èsì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo pa rẹ́, mo ń tún un ràn. Ọjọ́ Jímọ́ ni supervisor mi ń retí rẹ̀.