Ìnira Ni Ọlọ́run Pè É, Ẹ Má Pè É Ní Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ń ti ẹlòmíràn lójú, ṣùgbọ́n kò ti Alukuránì lójú. Nínú Súrátùl Bákárà, ẹsẹ 222, Ọlọ́run dárúkọ nǹkan oṣù obìnrin, Ó sì pè é ní ìnira. Ìrun ọjọ́ wọnnì kò sí lọ́rùn obìnrin, kò sì ní san án padà. Ààwẹ̀ nìkan ni yóò san. Bí ìsìn bá yọ̀ǹda tó báyìí, kí ló dé tí Yunifásítì le ju ìsìn lọ?

Ẹ wo ọmọbìnrin tí inú ń lọ́, tí ẹ̀yìn ń ro, tí èébì ń gbé, tí kíláàsì rẹ̀ sì wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òfin wà ní púpọ̀ nínú Yunifásítì wa pé ẹni tí kò bá wá tó ìdá 75 nínú 100 ẹ̀kọ́ kò ní ṣe ìdánwò. Ọjọ́ méjì lóṣooṣù kì í ṣe kékeré nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Bí olùkọ́ bá sì bi í, ojú á tì í, á ní ibà ni. Àwa la fi irọ́ yẹn kọ́ ọ.

Nínú Ràmàdáánì ló burú jù. Ẹni tí ó yẹ kí ó jẹun kí ó sì lo oògùn á máa sá pamọ́ jẹun bí olè.

Àwọn ìyá wa a máa ní, "Bí o bá bímọ, á lọ." Ṣé oyún ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa retí kí ó tó lè kàwé ni? Àwọn dókítà ti ṣàlàyé pé nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní prostaglandin ní ń mú ilé-ọmọ sún kì. Bí ó bá pọ̀ jù, ìrora á pọ̀. Ibuprofen a máa dín in kù, bí a bá tètè lò ó lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú kí ó kọ́kọ́ bi dókítà. Èyí tí ó bá ń le sí i lóṣooṣù, àyẹ̀wò ló yẹ ẹ́.

Japan ti fi ìsinmi yìí sínú òfin iṣẹ́ láti 1947, Spain ṣe tirẹ̀ ní 2023. Ní tiwa, kí ìwé nọ́ọ̀sì Yunifásítì tó fún olùkọ́, láìbéèrè àlàyé ní gbangba. Ẹ̀yin Ààfáà mọ́sálásí Yunifásítì, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe wáàsí Jímọ́ọ̀ kan kí Ràmàdáánì tó wọlé, kí ẹ sì rí i pé àwọn ọmọkùnrin wà níbẹ̀.